Ṣé Ooru Ni Àbí Nǹkan Mìíràn? Bí Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Ṣe Ń Ṣèwádìí Ewéko Ìpẹ̀kun Ayé

Bí ẹ bá gúnlẹ̀ sí erékùṣù Ellesmere, ní òkè pátápátá ní àríwá Kánádà, ní oṣù Keje, ẹ lè tẹ igi mọ́lẹ̀ láìmọ̀ pé igi ni ẹ tẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe igi náà ni Salix arctica. Kò nàró bí ìrókò tàbí ọ̀pẹ. Ńṣe ni ó nà gbalaja sórí ilẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń rákò láàrin òkúta, tí ewé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìka ọwọ́ lọ. Síbẹ̀, irú igi bẹ́ẹ̀ lè ti lo ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lókè, ilẹ̀ tó dì gbagidi wà nísàlẹ̀, ìgbà ooru kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Igi tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ ní láti tẹrí ba.

Ilẹ̀ méjì ni à ń sọ̀rọ̀ nípa wọn nígbà tí a bá ní ìpẹ̀kun ayé. Èkíní ni ìpẹ̀kun àríwá, tí í ṣe apá òkè Alaska, Kánádà, Rọ́ṣíà, Norway àti Sweden, pẹ̀lú erékùṣù Greenland. Èkejì ni ìpẹ̀kun gúúsù, ìyẹn Antarctica, ilẹ̀ ńlá tí yìnyín bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àríwá, oríṣiríṣi koríko, òdòdó àti igi kúkúrú ló wà. Ní gúúsù, ewéko olódòdó méjì péré ni ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà.

Ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹ ó bá mọ́ọ̀sì àti láíkìn pàdé. Mọ́ọ̀sì ni ewéko kéékèèké, rírọ̀, tó máa ń bo ara ògiri tí omi ń rin. Láíkìn ní tirẹ̀ kì í ṣe ewéko gan-an: ohun kan tó jẹ́ ìbátan olú ló bá ewé omi tíntìntín ṣe àjọgbé, tí àwọn méjèèjì sì di ara kan. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, èèpo igi tàbí ilẹ̀. Mọ́ọ̀sì àti láíkìn kì í ga, wọn kì í sì í yára dàgbà.

Àwọn ilẹ̀ yìí ń gbóná. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé láti ọdún 1979, ìpẹ̀kun àríwá ń gbóná ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé lápapọ̀. Kí ni èyí ń ṣe sí ewéko ibẹ̀? Ìdáhùn kan wà tó máa ń yára wá sí ẹnu: ewéko fẹ́ràn ooru, nítorí náà, inú wọn á dùn. Apá kan òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni. Ìbéèrè mìíràn tún wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀: bí ewéko kan bá pọ̀ sí i tàbí tó dín kù, báwo la ṣe mọ̀ pé ooru ló fà á? Ó lè jẹ́ òjò. Ó lè jẹ́ ẹranko. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà wá ìdáhùn, kí a sì wo ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kù sí.

Ilé ike tí kò ní òrùlé

Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní International Tundra Experiment. ITEX ni wọ́n máa ń pè é ní ṣókí. Tundra ni orúkọ ilẹ̀ òtútù tí igi gíga kò lè hù sí. Ìmọ̀ràn wọn rọrùn: dípò kí a jókòó máa retí ìgbà tí ayé yóò gbóná, ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ lára ilẹ̀ náà gbóná báyìí, kí a wo ohun tí ewéko yóò ṣe.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe máa mú ilẹ̀ gbóná níbi tí kò sí iná mànàmáná? Wọ́n lo ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n fi ṣe ilé kékeré onígun mẹ́fà, tí ògiri rẹ̀ kò ga kọjá orúnkún, tí ògiri náà sì tẹ̀ sínú díẹ̀. Kò ní òrùlé, kí òjò àti òjò dídì lè máa wọlé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Oòrùn ń ràn wọ inú rẹ̀, ògiri kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ooru náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni inú ilé náà ṣe ń fi ìwọ̀n dígírì Celsius kan sí mẹ́ta gbóná ju ìta lọ. Ní Alexandra Fiord, ní erékùṣù Ellesmere tí a kọ́kọ́ dárúkọ, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1992.

Nítòsí ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń sàmì sí ojú ilẹ̀ kan tó jọ ọ́, tí wọn kò sì ní fi ike kankan sí. Ojú ilẹ̀ yìí ṣe pàtàkì tó ilé ike fúnra rẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba-tọmọ kó má ní ààlà. Bí ewéko inú ilé ike bá ga ní ọdún kan, tí ti ìta náà sì ga bákan náà, a mọ̀ pé ọdún náà ló dára fún gbogbo wọn, kì í ṣe ilé ike. Ṣùgbọ́n bí ti inú bá ga tí ti ìta kò ga, a ti ní ohun tí a lè dì mú. Láìsí ojú ilẹ̀ ìta yìí, ohunkóhun tí ẹ bá rí nínú ilé ike, ẹ kò lè sọ ohun tó fà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ewéko tó dí mọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n máa ń gbé férémù kan lé ojú ilẹ̀ náà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ta sí i ní ìbú àti ní òró máa ń pàdé ní ojú ọgọ́rùn-ún. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ kalẹ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo ohun tí irin náà kàn sílẹ̀: ewé igi kúkúrú, koríko, mọ́ọ̀sì, láíkìn, tàbí ilẹ̀ lásán. Ẹni tó ń ṣe é yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀fọn á sì máa jẹ ẹ́. Wọ́n tún máa ń wọn gíga ewéko, wọ́n sì máa ń kọ ọjọ́ tí ewé àkọ́kọ́ yọ, ọjọ́ tí òdòdó là, àti ọjọ́ tí èso gbó.

Nítorí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ẹni tó wà ní Alaska lè fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ẹni tó wà ní Sweden. Ní ọdún 2012, wọ́n kó àbájáde ìwádìí mọ́kànlélọ́gọ́ta jọ. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti mú ilẹ̀ gbóná, igi kúkúrú ń ga sí i, òkú ewé sì ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀. Mọ́ọ̀sì àti láíkìn ń dín kù. Kò sì rí bákan náà níbi gbogbo: ibi tó tutù jù kì í dáhùn bí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ tó rin kì í sì í dáhùn bí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ilé ike náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, òjò dídì sì lè kó jọ sínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà òtútù. Àwọn kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó dé òdòdó lè máà rọ́nà wọlé dáadáa. Nítorí náà, ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé ohun tí ẹ rí nínú ike ń ṣẹlẹ̀ ní ìta ní tòótọ́? Ìdí nìyí tí ọ̀nà kejì fi wà.

Pípadà sí ojú ibi kan náà

Láàrin ọdún 1948 sí 1950, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń wá epo rọ̀bì ní àríwá Alaska. Wọ́n ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí èyí tó kàn wọ́n nípa ewéko nínú wọn. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ mú fọ́tò wọ̀nyí, wọ́n wá ojú ibi tí wọ́n ti yà wọ́n, wọ́n sì ya òmíràn láti ibẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n rí i pé ní ọ̀pọ̀ ibi, igi kúkúrú ti pọ̀ sí i lẹ́bàá odò àti lára òkè. Kò sí ilé ike kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yí padà. Ní ọdún 2001 ni wọ́n gbé ìròyìn náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sí ìpẹ̀kun gúúsù nísinsìnyí, sí erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Signy. Àwọn onímọ̀ láti Bìrìtéènì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1947. Ewéko olódòdó méjèèjì tí mo sọ pé Antarctica ní ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ koríko, Deschampsia antarctica ni orúkọ rẹ̀. Èkejì, Colobanthus quitensis, ṣù mọ́lẹ̀ bí ìrọ̀rí kékeré. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí àwọn méjèèjì hù sí hàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà síbẹ̀ ní ọdún 2018, tí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé àkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹnu yà wọ́n. Láàrin ọdún 2009 sí 2018 péré, koríko náà tàn ká tó bí ó ṣe tàn ká ní àádọ́ta ọdún tó ṣáájú. Ewéko kejì tilẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwọ̀n tó fi tàn ká tó ìlọ́po márùn-ún ti àtẹ̀yìnwá.

Ṣé ooru ni? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹranko omi kan wà tí wọ́n ń pè ní síìlì, tó máa ń gun etíkun wá sinmi. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn síìlì onírun ti ń wọ́ wá sí Signy lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n tóbi, wọ́n wúwo, wọ́n sì ń fi ara tẹ ewéko pa. Lẹ́yìn náà, iye wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó lè jẹ́ pé nítorí tí síìlì kò tẹ ewéko pa mọ́ ni wọ́n ṣe ń tàn ká! Ohun tó yọ àwọn onímọ̀ nínú ìṣòro yìí ni pé àwọn tó ṣáájú wọn ní erékùṣù náà ti ń ka síìlì lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò pọ̀, wọ́n sọ pé ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló jẹ́ olórí ohun tó fà á, pé dídínkù síìlì sì kún un. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọn kò sọ pé ooru nìkan ni.

Iṣẹ́ ìpadàbọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ní oyè dókítà nìkan. Ní erékùṣù Qikiqtaruk, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Inuvialuit, àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ìjọba níbẹ̀ ti ń ṣọ́ oríṣi ewéko mẹ́ta láti ọdún 2001. Wọ́n so àmì mọ́ ewéko kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ mélòó kan síra wọn, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí ewé yọ. Ọ̀kan nínú àwọn ewéko náà ni igi Salix arctica wa.

Òwe Yorùbá kan bá ọ̀rọ̀ yìí mu: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ lè fi owó ra ẹ̀rọ tuntun lónìí, kí ẹ sì ní aṣọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n kò sí owó tó lè ra ohun tí Signy rí ní ọdún 1965, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà.

Ìwé tí ewéko fúnra wọn kọ

Níbi tí kò bá sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ ńkọ́? Ewéko kan máa ń kọ ìwé ara wọn. Bí ẹ bá gé igi kúkúrú ìpẹ̀kun àríwá, ẹ ó rí òrùka nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kan. Ọdún tó bá dára á fi òrùka fífẹ̀ sílẹ̀. Ọdún tó bá le á fi òrùka tín-ín-rín sílẹ̀. Igi náà lè kéré débi pé òrùka rẹ̀ kò ṣeé fi ojú lásán kà. Nítorí náà, wọ́n á gé e ní pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sì kà á lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi òrùka ọdún kọ̀ọ̀kan wé ooru ọdún náà.

Ní Antarctica, mọ́ọ̀sì ló ń kọ ìwé. Ní àwọn ibì kan, mọ́ọ̀sì tuntun ń hù sórí ti àtijọ́ lọ́dọọdún, òtútù kò sì jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ jẹrà. Bó ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò di òkìtì tó jìn, tó sì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n á ki irin oníhò bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fa òpó mọ́ọ̀sì kan jáde. Ohun tó wà lókè ni ti òde òní. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ni à ń padà sí ayé àtijọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n ṣe ní erékùṣù mẹ́ta, fi hàn pé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni mọ́ọ̀sì ti ń dàgbà kíákíá ju ti ìgbà tó ṣáájú lọ. Ní Signy, àwọn onímọ̀ mú mọ́ọ̀sì tó ti dì fún ohun tó ju ẹgbẹ̀jọ ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 1,500 ọdún, wọ́n gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewé.

Àmọ́ ìwé yìí náà ní ojú ewé tó ti ya. Igi tó ti kú tó sì ti jẹrà kò lè jẹ́rìí mọ́. Àwọn tó yè nìkan là ń gbọ́ ohùn wọn.

Ojú tó ń wò láti òkè

Ìpẹ̀kun ayé tóbi ju ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè rìn dé lọ. Fún ìdí èyí, wọ́n ń lo sátẹ́láìtì. Ewé tútù tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa mu, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ mìíràn padà, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Sátẹ́láìtì lè rí méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn bá pọ̀, ewé pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá kéré, òkúta tàbí yìnyín ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí sátẹ́láìtì ti ń wo ilẹ̀ lọ́nà yìí: láti ọdún 1972 ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ láti Bìrìtéènì lo àwòrán Landsat láti wo apá Antarctica tó nà sí ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1986, ilẹ̀ tí ewéko bò níbẹ̀ kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin kan. Nígbà tó fi di ọdún 2021, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìlá. Mọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Méjìlá kò pọ̀ rárá nínú ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ láàrin ọdún márùndínlógójì kì í ṣe ohun kékeré.

Ìṣòro ojú òkè ni pé kì í rí nǹkan fínnífínní. Ẹyọ àmì kan nínú àwòrán Landsat dúró fún ilẹ̀ tó gùn ní ọgbọ̀n mítà, tó sì fẹ̀ ní ọgbọ̀n mítà. Ó lè sọ fún yín pé ewé pọ̀ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ewé wo. Bí òjò dídì bá tètè yọ́, tàbí bí omi bá dúró lórí ilẹ̀, iye tí sátẹ́láìtì ń kà á yí padà. Nítorí náà, ẹnì kan ṣì ní láti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú férémù àti irin tẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà tí ooru bá pa ewéko

Títí di báyìí, ó lè dà bíi pé ìròyìn ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀: ibi tó ti wà ní funfun ń di aláwọ̀ ewé. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Sweden.

Nígbà òtútù, òjò dídì máa ń bo ewéko bí aṣọ ìbora. Abẹ́ rẹ̀ kì í tutù tó ìta. Ṣùgbọ́n bí ooru bá dé lójijì láàrin ìgbà òtútù, òjò dídì á yọ́, ewéko á rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, wọ́n á jí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òtútù á padà, aṣọ ìbora kò sì sí mọ́. Ní Abisko, àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ ohun tí èyí lè fà. Wọ́n gbé iná tó ń fúnni ní ooru kọ́ sókè ewéko, wọ́n sì ti wáyà tó ń gbóná bọ inú ilẹ̀. Wọ́n mú ojú ilẹ̀ náà gbóná fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan láàrin ìgbà òtútù, wọ́n sì pa á. Nígbà tí ìgbà ooru dé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka igi kúkúrú tó wà níbẹ̀ ti kú.

Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe lórí ilẹ̀ kékeré, ojú-ọjọ́ fúnra rẹ̀ tún ṣe é lórí ilẹ̀ ńlá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, ooru òjijì bẹ́ẹ̀ dé sí àríwá Norway àti Sweden. Ní ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e, sátẹ́láìtì fi hàn pé ewéko ti bàjẹ́ lórí ilẹ̀ tó ju 1,400 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì bá irú ewéko tó kú ní ojú ilẹ̀ ìdánwò wọn, òun náà ló kú níbẹ̀. Ẹ wo bí ẹ̀rí mẹ́ta ṣe pàdé: ìdánwò, ojú òkè, àti ẹsẹ̀ tó rìn dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sọ ohun kan náà, ó di dandan kí a gbọ́.

Ìpalára náà kò sì mọ lórí ewéko. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù máa ń fi ẹsẹ̀ wa òjò dídì kí ó lè jẹ láíkìn abẹ́ rẹ̀. Bí òjò dídì bá yọ́ tó sì tún dì, yóò di yìnyín líle, ẹranko náà kò sì ní lè wà á. Àwọn ará Sámi, tí wọ́n ń da irú àgbọ̀nrín bẹ́ẹ̀ ní àríwá Norway, Sweden àti Finland, mọ irú ọdún yẹn dáadáa. Bí igi kúkúrú bá sì ga, tó ṣíji bo láíkìn, oúnjẹ ìgbà òtútù á tún dín kù sí i.

Ohun tó wà nísàlẹ̀

Ìdí ìkẹyìn tí iṣẹ́ yìí fi kan gbogbo ènìyàn wà nínú ilẹ̀. Láti ayébáyé ni òkú ewé àti gbòǹgbò ti ń kó jọ sínú ilẹ̀ dídì ìpẹ̀kun àríwá láìjẹrà tán. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Bí ilẹ̀ bá yọ́, àwọn ohun alààyè tíntìntín inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú ewé náà, kábọ́ọ̀nù á sì jáde sínú afẹ́fẹ́, èyí tí yóò tún mú ayé gbóná sí i. Àwọn kan wá ní ìrètí pé igi kúkúrú tó ń pọ̀ sí i lè gba kábọ́ọ̀nù náà padà, nítorí pé ewéko ń fi kábọ́ọ̀nù kọ́ ara wọn.

Ní Toolik, ní Alaska, wọ́n rí ohun tó mú ìrètí yẹn dín kù. Bí ilẹ̀ òtútù bá gbóná, oúnjẹ ewéko á pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Láti mọ ohun tí èyí lè fà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ajílẹ̀ sí ojú ilẹ̀ kan lọ́dọọdún láti ọdún 1981. Igi kúkúrú kan tó ń jẹ́ Betula nana bo gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá wo òkè nìkan á sọ pé kábọ́ọ̀nù ti pọ̀ sí i, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì wọn ohun tó wà nísàlẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tí ilẹ̀ pàdánù ju èyí tí igi kó jọ lọ. Gbèsè ló kù. Ká ní wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tàbí ká ní wọn kò gbẹ́ ilẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni wọn ì bá kọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé ìpẹ̀kun ayé ń di aláwọ̀ ewé, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ewéko wo ló pọ̀ sí i, èwo ló sì dín kù? Kí ni wọ́n fi wé e, kí wọ́n tó sọ pé ooru ni? Ọdún mélòó ni wọ́n fi wò ó?

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ẹ yan igi kan ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín, irú èyí tó máa ń wọ́wé nígbà òtútù. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú bí ọjọ́ náà ṣe gbóná tó. Ní ọdún kìn-ín-ní, ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ó ní, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ má jù ú nù. Kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́ yín, ẹ fi ìwé náà lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi igi náà hàn án.